Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀fọ́ Lẹ́yìnkùlé Ilé Tuntun: Ẹ̀yin Bèèrè, Àwa Dáhùn

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tó ń wọlé jù lọ ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun, tí wọ́n fẹ́ máa já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ara wọn. A mú méje nínú wọn. Bí ẹ bá ṣe ń kà wọ́n, ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni wàhálà ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kì í ṣe ilẹ̀ oko mọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé wa ni. Ilẹ̀ pupa líle ló wà lẹ́yìn ilé, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tó ti gan ló sì kún inú rẹ̀. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Wọ́n hù, àmọ́ wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ewé wọn sì pọ́n bí ìyeyè. Ọkọ mi ní ká fi búlọ́ọ̀kù mọ bẹ́ẹ̀dì sókè, ká kó ilẹ̀ tuntun sí i. Báwo la ó ṣe ṣe é, kí la ó sì rà? — Ìyá Ìbejì, Mowe

Ohun tó tọ́ ni ọkọ yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ohun tó ń ṣe ẹ̀fọ́ yín, torí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ara yín lẹ máa fi kó o sínú bẹ́ẹ̀dì tuntun. Ẹ já ewé kan nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè. Bí iṣan ewé náà bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó jẹ́ pé àárín iṣan ló pọ́n, sìmẹ́ǹtì ló fà á. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì ti yí ilẹ̀ padà, kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí èròjà irin fà mu, bẹ́ẹ̀ láìsí irin yìí ewé ò lè ní àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbó ló kọ́kọ́ pọ́n lódindi, ìyẹn yàtọ̀, ebi ajílẹ̀ ló ń pa á. Ohun kejì ni pé ẹsẹ̀ tíípà àti bárò ti tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ títí ó fi gan bí ojú títì. Gbòǹgbò kì í wọ ojú títì.

Ẹ fi èèkàn mẹ́rin àti okùn wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà: ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 9 ní fífẹ̀. Ẹ wọn ún láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba, ó ti gún nìyẹn. Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kankan, ẹ gbé díígà, kí ẹ tú inú ibi tí ẹ fi okùn yí ká yẹn dé íǹṣì 9 nísàlẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù àti ìgàn sìmẹ́ǹtì kúrò pátá. Iṣẹ́ yìí máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi fò ó, tí wọ́n á da ilẹ̀ tuntun lé líle lórí. Bí òjò oṣù Kẹfà bá wá dé, omi á wọ ilẹ̀ tuntun, á dé orí líle, á dúró síbẹ̀. Ẹ̀fọ́ á dàbí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rà nínú omi.

Bí ẹ bá ti tú u tán, ẹ gbẹ́ ihò kan sáàárín, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tún pọn ọn kún lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ láti fi wọn ún. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló ń sọ òótọ́, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń gbé omi àkọ́kọ́ mì ni. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ ní íǹṣì kan ní wákàtí kan, ó dáa. Bí kò bá ju ìdajì íǹṣì lọ, ẹ la ojú àgbàrá kékeré láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ẹ tó mọ odi.

Ó wá kan búlọ́ọ̀kù. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 6 gùn ní íǹṣì 18, ó sì ga ní íǹṣì 9. Ẹ fi èékánná ha etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á; bó bá ń já bọ́ bí gààrí, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ò pé, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Mẹ́fà ni ẹ ó tò sí ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, méjì àti ààbọ̀ ni ẹ ó sì tò sí orí kọ̀ọ̀kan láàárín wọn. Kóòsì kan, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù kan yí bẹ́ẹ̀dì ká, gba 17, kóòsì méjì gba 34. Ẹ ra 36, torí ọ̀kan tàbí méjì máa fọ́. Inú bẹ́ẹ̀dì á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 9 ní fífẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Apá ò nà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá sì dé àárín á tẹ inú rẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ ti tú á tún padà gan.

Ẹ gbẹ́ ojú ibi tí odi máa jókòó sí ní íǹṣì 4, kí ẹ da yanrìn ṣáápù íǹṣì 2 sí i, kí ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó. Kóòsì àkọ́kọ́ á fi bẹ́ẹ̀ rì ní íǹṣì 2, kò ní yẹ̀. Kí kóòsì kejì gun oríkèé ti ìsàlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì páànù kan sí yanrìn páànù mẹ́fà ni kí bíríkìlà pò. Àpò kan á tó, á sì ṣẹ́kù. Ní kóòsì ìsàlẹ̀, kó fi oríkèé òró kan sílẹ̀ láìfi sìmẹ́ǹtì dí i lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù méjì-méjì, kí omi lè máa gbabẹ̀ jáde. Bí ẹ ò bá dúró tì í, á dí gbogbo rẹ̀, torí bí a ṣe ń mọ ilé ló mọ̀. Odi ilé ń lé omi sẹ́yìn. Odi bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi jáde.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa da omi sí i lára kí ẹfun rẹ̀ lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ọ̀rá dúdú nínípọn tí bíríkìlà ń tẹ́ sábẹ́ jámánì flọ́ọ̀ mọ́ ara odi nínú. Ara odi nìkan o. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀dì di agbada. Ilẹ̀ tó máa kún un títí yóò fi ku íǹṣì 2 sétí odi jẹ́ bárò 15, ṣùgbọ́n ẹ ṣètò 18, torí òjò àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní íǹṣì 2 tàbí 3. Bí a ṣe ń po bárò 18 náà wà nínú ìdáhùn tó kàn.

Ẹ̀yin olùdáhùn, mo kí yín. Mo sanwó fún tíípà kan ilẹ̀ dúdú. Nígbà tó gbẹ, ó gan bí ìkòkò, ó sì sán. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ àpò mẹ́rin sí i láti ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ń sin adìyẹ, mo gbin ata rodo àti tòmátì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, etí ewé wọn jóná. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? — Bàbá Tóyìn, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Nǹkan méjì ló pàdé ara wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá dúdú lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ àbàtà tó kún fún amọ̀ ni. Àwọ̀ nìkan ò tó í wò. Kí ẹ tó sanwó fún tíípà mìíràn, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ike omi tó mọ́ gaara, ẹ da omi sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, yanrìn á ti jókòó sísàlẹ̀. Ẹ fi bírò fàlà síbẹ̀. Èyí tó kúnná ju yanrìn lọ á jókòó láàárín wákàtí bíi mélòó kan. Amọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, ó lè di ọjọ́ kejì. Ohun tó léfòó sókè, bí ewé jíjẹrà àti ìtàkùn wẹ́wẹ́, òun ni ọ̀rá ilẹ̀. Bí amọ̀ bá gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má rà á.

Ti ìgbẹ́ adìyẹ, ohun dáradára ni, àmọ́ tútù lẹ lò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà máa ń gbóná, agbára inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó ń fa omi jáde kúrò lára gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí etí ewé fi jóná. Ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, kí òkìtì náà tó ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gíga àti ní fífẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo sáàárín rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi rin bí aṣọ tí a fún. Ẹ máa yí i po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì: bó bá ṣì ń gbóná, tàbí tó ń ta yín nímú débi tí ojú fi ń ṣomi, kò tíì tó. Èyí tó ti tó máa ń rí bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, ẹ ò ní mọ èwo ni ìgbẹ́, èwo ni koríko mọ́.

Fún bárò 18 tí a sọ lókè, ẹ da 9 ilẹ̀ dúdú, 6 ajílẹ̀ tó ti jẹrà, 3 yanrìn ṣáápù. Lórí ilẹ̀ gbalasa ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó wọ inú bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá tò ó ní ìpele nínú bẹ́ẹ̀dì láìpò ó, gbòǹgbò máa ń dúró síbi tí ìpele méjì ti pàdé. Bí wọ́n bá fún yín ní iyẹ̀ pákó láti ilé ìlagi, ẹ má dà á sínú ilẹ̀ ní tútù: bó ṣe ń jẹrà, á máa jẹ agbára tí ewé ìbá fi tutù, ẹ̀fọ́ á sì pọ́n. Ojú ọ̀nà tó yí bẹ́ẹ̀dì ká ni kí ẹ dà á sí. Eérú pẹ̀lú, ẹ fi mọ níwọ̀n. Níbi tí sìmẹ́ǹtì ti bá ilẹ̀ jẹ́, eérú á tún dá kún un. Ilẹ̀ ààtàn ìgboro ńkọ́? Rárá o, bó ti wù kó dúdú tó. Òkú bátìrì, ìgò àti ọ̀dà ti wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé inú wọn kì í sì í jẹrà.

Ata àti tòmátì tó kù, ẹ fi omi púpọ̀ bomi rin wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Èyí tí ọ̀mùnú rẹ̀ ṣì tutù lè yè.

Ilé wa wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn ọ̀sà kún. Gbogbo omi tí mo bá bù sí ẹ̀fọ́ ló ń lọ ní kíá, kànga ẹ̀rọ wa sì níyọ̀ díẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀dì lè ràn mí lọ́wọ́? — Arábìnrin F., Ajah

Á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí a sọ fún Ìyá Ìbejì ni tiyín. Ẹ ò nílò díígà, omi ti mọ ọ̀nà rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìpìlẹ̀ odi ni kí ẹ mójú tó, torí yanrìn máa ń ṣàn lọ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù bí òjò bá le, odi á sì là. Ẹ da kọnkéré nínípọn íǹṣì 4, fífẹ̀ íǹṣì 12, sábẹ́ odi nìkan. Ẹ má fi yanrìn sí àpòpọ̀ yín rárá: bárò 10 ilẹ̀ dúdú, 8 ajílẹ̀ jíjẹrà. Bí ilẹ̀ dúdú náà bá ní amọ̀ díẹ̀, ó dáa fún yín, á máa di omi mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn tán, ẹ fi koríko gbígbẹ íǹṣì 2 bo ojú ilẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi.

Iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó le. Omi máa ń fẹ́ lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù, díẹ̀ díẹ̀ ló sì ń kó jọ. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lójú ilẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí orí ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ṣóńṣó wá sẹ́yìn, ó ti dé nìyẹn. Ẹ gbe omi òjò. Òjò mìlímítà 10 lórí òrùlé tó fẹ̀ tó sukuéà mítà 100 jẹ́ lítà 1,000, ó tó í kún táǹkì kan. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, lítà 5 fún sukuéà mítà kan lójúmọ́ ló tó. Bẹ́ẹ̀dì tí a júwe yìí ò tó sukuéà mítà 3, nǹkan bíi lítà 14 á sì tó o: kéètì ìbomirin onílítà 10 kan àti ààbọ̀. Bí omi òjò bá tán, ẹ lè lo ti kànga, àmọ́ nígbà tí òjò bá tún dé, ẹ ká koríko kúrò lójú bẹ́ẹ̀dì, kí òjò ńlá mẹ́ta fọ iyọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ kí ẹ tó gbin nǹkan tuntun. Ẹ̀wà àti ata kì í fara da iyọ̀. Tẹ̀tẹ̀ máa ń gbìyànjú jù wọ́n lọ.

Pákó tí wọ́n fi da dẹ́kìn ṣì pọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Káfíńtà ní òun lè fi kan bẹ́ẹ̀dì, kí òun kun ún ní kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Ṣé ó dáa? — Onílé Tuntun, Ọ̀tà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì ti kó ìdọ̀tí ẹ̀ńjìnnì jọ, òjé àti àwọn irin mìíràn wà nínú rẹ̀. Á máa wọ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú ilẹ̀ yẹn lẹ ó sì ti já ẹ̀fọ́ fáwọn ọmọ yín. Oògùn ikán tí wọ́n ń kun òrùlé náà ò yẹ níbẹ̀. Pákó dẹ́kìn fúnra rẹ̀, igi rírọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láìkun nǹkan sí i, ikán lè má jẹ́ kó rí òpin ọdún. Bó bá jẹ́ pákó lẹ fẹ́ dandan, ìrókò tàbí apá tó nípọn tó íǹṣì 2 ni kí ẹ wá. Ẹ gbé e lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kí ìdí rẹ̀ má kan ilẹ̀, kí ẹ sì gún èèkàn mọ́ ọn níta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta-mẹ́ta, torí ilẹ̀ tó mu omi yó máa ń ti pákó síta títí ikùn rẹ̀ á fi yọ. Owó búlọ́ọ̀kù kéré sí owó ìrókò. Ẹ ta pákó dẹ́kìn yín fún ẹni tó ń kọ́lé, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù.

Ibo gan-an ló yẹ kí bẹ́ẹ̀dì wà? Fẹ́ǹsì wa ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, sọ́káwéè sì wà ní igun kan. — A. O., Ìkòròdú

Kó jìnnà sí sọ́káwéè ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó kéré tán. Ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ ní tútù, bí kùkúńbà, ẹ jẹ́ kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé e ti ògiri ilé. Ilẹ̀ tútù tó bá ga kọjá díípísí, ìyẹn ìpele ìsàlẹ̀ ògiri tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè, á máa rọ omi sínú ògiri, ọ̀dà yàrá yín á sì máa ṣí. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká kí bárò lè kọjá.

Oòrùn wákàtí 6 lójúmọ́ ni ẹ̀fọ́ ewé nílò. Ata, ilá àti tòmátì ń fẹ́ 8. Àwọn èèyàn máa ń wo oòrùn lọ́jọ́ kan péré, wọ́n á gbàgbé pé kì í gba ojú kan náà yípo ọdún. Ní Ìkòròdú, ìhà àríwá lorí wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà ní oṣù Kẹfà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, ó ti yẹ̀ sí gúúsù. Fẹ́ǹsì yín tó wà ní gúúsù á ju òjìji tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀ ní ọ̀sán gangan lóṣù yẹn, ó sì máa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 tàbí 6 sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti fẹ́ǹsì gúúsù. Bó bá jẹ́ ibi kan ṣoṣo ló kù tó ní ibòji, gbúre ni kí ẹ gbìn síbẹ̀.

Tòmátì mi ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé kò rí omi mu, ewé rẹ̀ ò sì pọ́n. Mo bomi rin ín, kò jí. Ní ọjọ́ kẹta ó ti kú. Ọdún kejì rèé nínú bẹ́ẹ̀dì kan náà. — Ìyá Àgbà, Òṣogbo

Mà, ẹ mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, kí ẹ gé igi rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀. Ẹ pọn omi tó mọ́ sínú ife onígíláàsì, kí ẹ fi ìdí tí ẹ gé yẹn kan omi, kí ẹ dì í mú láìmì. Ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 5. Bí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí èéfín bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí igi náà wọnú omi, àrùn inú ilẹ̀ ni. Ó ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè, ìdí nìyẹn tí ìbomirin ò fi ràn án lọ́wọ́. Kò sí oògùn tí a ó wọ́n sí i tó máa wò ó. Ẹ fa èyí tó kú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun ún, ẹ má jù ú sórí òkìtì ajílẹ̀. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti ọkọ́ tí ẹ lò. Nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ má gbin tòmátì, ata, tàtàṣé tàbí ìgbá fún ọdún mẹ́ta. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Àgbàdo, ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò.

Bí kò bá sí okùn funfun, ẹ fa igi náà tu kí ẹ wo gbòǹgbò. Bó bá wú ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, aràn wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ló wọ̀ ọ́. Ewédú, ilá àti ṣọkọ náà máa ń kó o, ẹ má fi wọ́n rọ́pò. Ní oṣù Kìíní, lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kó gbogbo nǹkan kúrò nínú bẹ́ẹ̀dì, ẹ bomi rin ín dáadáa, kí ẹ fi ọ̀rá funfun tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ bò ó, kí ẹ fi ilẹ̀ tẹ etí ọ̀rá mọ́lẹ̀ yí ká. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6. Ooru tó há sábẹ́ rẹ̀ á dín àwọn aràn náà kù gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ irúgbìn tòmátì tó ní agbára láti bá àrùn jà, ẹ béèrè ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìṣìn, Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn ni èso àti ẹ̀fọ́ láti ọdún 1975.

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kent la wà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tuntun. Koríko tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo ẹ̀yìnkùlé, amọ̀ líle ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé mo lè gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí bẹ́ẹ̀dì níbí? — Ìyá Dámilọ́lá, Kent

Ẹ lè gbìn ín. Ohun tó wà lábẹ́ koríko yín, arákùnrin ilẹ̀ pupa ti Mowe ni. Ẹ̀rọ ńláńlá ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ dúró di oṣù Kẹrin tí amọ̀ náà kò rin gbingbin mọ́, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì ilẹ̀ tú u. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan án tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà wọlé. Amọ̀ tí a bá tú ní tútù á gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Pákó tí àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀ ń tẹ̀ gòkè, tí wọ́n ń pè ní scaffold board, ló rọrùn jù. Ọ̀kan gùn ní mítà 3.9, ó fẹ̀ ní mìlímítà 225, ó nípọn ní 38. Ẹ ní kí wọ́n gé ọ̀kan sí mítà 2.4 àti mítà 1.2, èyí tó kù, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ là á fi ṣe èèkàn igun. Pákó méjì parí bẹ́ẹ̀dì kan ní ìpele kan, mẹ́rin á fún yín ní gíga sẹ̀ǹtímítà 45. Tuntun tí wọn ò kun ni kí ẹ rà. Ẹ má ra pákó ojú irin àtijọ́, oró wà nínú oògùn dúdú tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Ìpele méjì gba ilẹ̀ kúbíìkì mítà 1.3, ẹ wo ara àpò tàbí ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ẹ bá ń rà bóyá ó ní BS 3882, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ilẹ̀ tó pójú òṣùwọ̀n lọ́hùn-ún.

Òtútù ni ọ̀tá yín. Ẹ gbin irúgbìn sínú ike kéékèèké nínú ilé lẹ́bàá fèrèsé láàárín oṣù Kẹrin. Ẹ má tú wọn síta títí oṣù Kẹfà yóò fi wọlé, torí òtútù òru kan péré tó ń mú omi dì á pa gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ fi ọ̀rá dúdú bo bẹ́ẹ̀dì kí ilẹ̀ rẹ̀ lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibi tó kọjú sí gúúsù ni kó wà, níbi tí oòrùn ti ń pẹ́. Ẹ̀yin ò ní ìṣòro ikán, àmọ́ ìgbín tí kò ní ìkarahun máa ń jẹ ẹ̀fọ́ tútù mọ́jú. Ẹ máa gbé iná jáde lálẹ́ lẹ́yìn òjò kí ẹ ṣa wọ́n. Bí ẹ ò bá rí irúgbìn tẹ̀tẹ̀ rà, ẹ wo ibi tí wọ́n ń kó irúgbìn sí fún àwọn ará Jàmáíkà: callaloo tiwọn, ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀ ni.

Ewédú kì í tètè hù, níbẹ̀ àti nílé níbí, torí èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ rì í bọ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ gbé e sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di ẹ̀wà sísè. Ẹ sá a níbòji, kí ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má bàa pọ̀ sójú kan, kí ẹ wọ́n ọn sí ojú ìlà tí kò jìn ju èékánná lọ. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná dáadáa, á yọjú láàárín ọjọ́ 3 sí 5.